Oògùn Kòkó àti Ara Àgbẹ̀: Àgbéyẹ̀wò Ìtàn Gammalin 20 ní Ilẹ̀ Yorùbá

Ìfáárà

Àwọn òpìtàn tó kọ nípa kòkó ní ilẹ̀ Yorùbá sábà máa ń ka ohun tí owó rẹ̀ ṣe: ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní ọdún 1955, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ní 1959, àti Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, Ìbàdàn, tí wọ́n parí ní 1965. Ohun tí wọn kì í sábà kà mọ́ ọn ni ara ẹni tó gbé pọ́ǹpù kọ́ ẹ̀yìn nídìí igi kòkó. Àròkọ yìí tọ ipasẹ̀ oògùn kan ṣoṣo, Gammalin 20, láti ìgbà tó wọ oko kòkó títí di ìgbà tí àwọn onímọ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Èrò tó gbé kalẹ̀ ni pé ìlera igi kòkó ni ètò tó mú oògùn náà wá ń ṣọ́, kì í ṣe ìlera àgbẹ̀.

Kòkòrò àti Oògùn Rẹ̀

Ọ̀tá méjì ló ń bá àgbẹ̀ olókòkó jà jùlọ. Èkíní ni àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú nígbà òjò. Omi bàbà, èyí tí wọ́n fi òkúta aláwọ̀ búlúù àti ẹfun pò, ni wọ́n ń fín sí i. Èkejì ni kòkòrò tí àwọn onímọ̀ ń pè ní mirid, tó ń fa omi ara ẹ̀ka àti èso mu títí tí igi yóò fi gbẹ. Ilé iṣẹ́ ìwádìí WACRI, tí ìjọba amúnisìn dá sílẹ̀ ní Tafo, Ghana, ní 1944, ṣiṣẹ́ lórí kòkòrò yìí. Lẹ́yìn òmìnira, ilé iṣẹ́ ìwádìí kòkó ti Nàìjíríà, CRIN, gba iṣẹ́ náà ní 1964, ó sì fìdí kalẹ̀ sí Ìdí-Ayùnrẹ́ lẹ́bàá Ìbàdàn. Lindane ni oògùn tó borí mirid nígbà náà, Gammalin 20 sì ni orúkọ tí àgbẹ̀ mọ̀ ọ́n sí. Kòkòrò kú, èso pọ̀ sí i. Kò yani lẹ́nu pé àgbẹ̀ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Orúkọ tí wọ́n pè é náà ṣe pàtàkì. Nínú èdè Yorùbá, oògùn ni ohun tó ń wo aláìsàn sàn, oògùn náà sì ni ohun tí wọ́n ń fín sí kòkó. Àgbẹ̀ tó ra oògùn kòkó gbà pé ìtọ́jú ni òun ń ṣe fún igi òun. Bí ó bá jẹ́ májèlé ni wọ́n pè é láti ìbẹ̀rẹ̀, bóyá ọwọ́ tí wọn ìbá fi mú un ìbá yàtọ̀.

Bí Oògùn Ṣe Ń Wọ Ara

Igi kòkó ga ju ènìyàn lọ. Ẹni tó ń fín in gbọ́dọ̀ na ọ̀pá pọ́ǹpù sókè, ohun tó bá sì fín sókè yóò padà sẹ̀ sí ojú, ọrùn àti àyà rẹ̀. Nínú ooru ilẹ̀ olóoru, aṣọ ìdáàbòbò tó nípọn a máa há ènìyàn láyà, owó rẹ̀ kò sì kéré. Lindane ń gba awọ ara wọlé, ó sì ń sá pamọ́ sínú ọ̀rá ara. Ewu náà kò mọ sórí olóko nìkan. Lébìrà tó gba iṣẹ́ fífín ń ti oko kan bọ́ sí òmíràn. Ẹni tó pọn omi tí wọ́n fi po oògùn wà nítòsí. Ẹni tó fọ aṣọ iṣẹ́ náà fọwọ́ kàn án.

Nígbà tí ìjọba tú àjọ tó ń ra kòkó ká ní 1986, lábẹ́ ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, ọjà gbogbogbòò di ibi tí àgbẹ̀ ti ń ra oògùn. Ìmọ̀ràn tó yẹ kó bá oògùn rìn kò tẹ̀ lé e dé ọjà.

Ẹ̀rí láti Òkè Òkun

Ní 2009, àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí Àdéhùn Stockholm fi lindane kún àwọn kẹ́míkà tí ayé gbọ́dọ̀ pa tì. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, IARC, ẹ̀ka àjọ ìlera àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, fi lindane sí ìpele kìíní, ìpele àwọn ohun tó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn. Non-Hodgkin lymphoma, jẹjẹrẹ tó ń mú àwọn sẹ́ẹ̀lì agbóguntàrùn, ni ẹ̀rí náà dá lé. Ó yẹ kí ìtumọ̀ rẹ̀ yé ni: ìpele yìí ń sọ pé ohun kan lè fa àrùn, kò sọ pé gbogbo ẹni tó bá fọwọ́ kàn án ni yóò ṣàìsàn. Iye tó wọ ara àti iye ọdún tí ènìyàn fi ń bá a ṣiṣẹ́ ló ń sọ bí ewu ṣe tó.

Ibi tí ẹ̀rí náà ti wá ni ìtàn yìí ti dunni jù. Lára rẹ̀ ni ìwádìí ńlá kan tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1993, níbi tí wọ́n ti forúkọ àwọn àgbẹ̀ Iowa àti North Carolina tó ń fín oògùn sílẹ̀, tí wọ́n béèrè oògùn tí oníkálukú lò, tí wọ́n sì ń fi orúkọ wọn wé ìwé àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ ìpínlẹ̀ wọn lọ́dọọdún. Kẹ́míkà kan náà ni àgbẹ̀ Oǹdó àti ti Ìbàdàn fín. Ara àgbẹ̀ ìhà ibẹ̀ di ẹ̀rí nítorí pé ẹnìkan kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Ìwé àjọ tó ń ra kòkó kún fún iye tọ́ọ̀nù àti iye owó. Ìwé ilé ìwádìí kún fún iye kòkòrò orí igi. Èyí tó yẹ kó wà láàárín méjèèjì ni ìwé tí orúkọ ẹni tó fín oògùn wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ohun tí ó fín àti iye ọdún tó fi fín in. Ìwé bẹ́ẹ̀ ṣì ṣeé bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó fín Gammalin 20 nígbà èwe wọn ti dàgbà, ọ̀pọ̀ wọn ṣì wà ní abà, wọ́n sì rántí. Ẹnu wọn ni àwùjọ ìtàn àti ti ìṣègùn lè jọ gbà á, kó tó pẹ́ jù. Yorùbá ní ìlera loògùn ọrọ̀. Ọrọ̀ tí kòkó mú wá ti wà lákọsílẹ̀, ó ku ìlera àwọn tó ṣe é.