Àríyànjiyàn lórí Agbábọ́ọ̀lù tó Fara Pa, 2004 sí 2024

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá ọdún 2004, ikọ̀ orílẹ̀-èdè Mòrókò gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́rẹ̀ẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́ pẹ̀lú Burkina Faso. Abdelmajid Oulmers, tí ẹgbẹ́ Charleroi ní Bẹ́ljíọ̀mù ń san owó oṣù fún, fi ọrùn ẹsẹ̀ ṣèṣe níbẹ̀, kò sì lè gbá bọ́ọ̀lù fún ọ̀pọ̀ oṣù. Kì í ṣe ìlúmọ̀ọ́ká. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ló bí òfin tí àwọn ìràwọ̀ ńláńlá ń jẹ àǹfààní rẹ̀ lónìí, tàbí ká kúkú sọ pé àwọn ẹgbẹ́ wọn ló ń jẹ ẹ́.

Òfin FIFA ìgbà náà kò fi bẹ́ẹ̀ ro ti ẹgbẹ́. Bí orílẹ̀-èdè bá pe agbábọ́ọ̀lù, ẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Ẹgbẹ́ yìí kan náà ni yóò san owó adójútòfò fún gbogbo àsìkò tí kò fi sí lọ́dọ̀ wọn. Bí agbábọ́ọ̀lù bá sì ní òun kò lè wá nítorí pé òun fara pa, àjọ bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè rẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí dókítà tí àwọn fúnra wọn yàn yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí apá ìkẹyìn yìí dá sílẹ̀ ni pé dókítà méjì wà fún ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, tí kálukú wọn sì ń jíṣẹ́ fún ọ̀gá tirẹ̀.

Charleroi gbé FIFA lọ sílé ẹjọ́ ní ọdún 2005. G-14, tí í ṣe àkójọpọ̀ àwọn ẹgbẹ́ olówó ní Yúróòpù, tì wọ́n lẹ́yìn. Lọ́dún 2006, ilé ẹjọ́ ní Charleroi darí ìbéèrè náà sí Ilé Ẹjọ́ Yúróòpù ní Luxembourg, ṣùgbọ́n ìdájọ́ kò wáyé. Ní oṣù Kìíní ọdún 2008, FIFA, UEFA àti àwọn ẹgbẹ́ parí ìjà: wọ́n fa ẹjọ́ yọ, wọ́n tú G-14 ká, wọ́n dá ẹgbẹ́ tuntun tí wọ́n pè ní ECA sílẹ̀, wọ́n sì fẹnu kò pé ẹgbẹ́ yóò máa rí owó gbà lórí agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n bá yọ̀ǹda fún ìdíje. Mílíọ̀nù 40 dọ́là ni FIFA yà sọ́tọ̀ fún Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2010.

Ìdíje yẹn gan-an ló fi hàn pé owó nìkan kọ́ ni ìṣòro. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún náà, ní Amsterdam, Nẹ́dálándì ń na Húngárì bí ẹni lu bàrà. Góòlù mẹ́fà sí ẹyọ kan ni eré náà parí sí. Arjen Robben ti gbá méjì wọlé nínú wọn. Nígbà tí eré ń lọ sópin, ó fi gìgísẹ̀ ta bọ́ọ̀lù sẹ́yìn, lójú ẹsẹ̀ ló sì di ẹ̀yìn itan òsì rẹ̀ mú. Àwọn yòókù wọ bàálù lọ sí Gúúsù Áfíríkà. Òun dúró gba ìtọ́jú, ó tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ó wọlé pàdé Cameroon ní ọjọ́ 24, ó sì ń gbá a lọ títí dé àṣekágbá ní Johannesburg ní ọjọ́ 11 oṣù Keje.

Nígbà tí ó padà dé Munich, àwọn dókítà Bayern, ẹgbẹ́ tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún, rí i pé iṣan náà ti ya gan-an. Ó di oṣù Kìíní ọdún 2011 kó tó tún gbá bọ́ọ̀lù. Bayern ní àjọ bọ́ọ̀lù Nẹ́dálándì ló jẹ̀bi. Àjọ náà ní àwọn kò ṣe ohun tí kò tọ́. Robben ní tirẹ̀ jẹ́ ẹni ọdún 26, Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé sì wà níwájú rẹ̀: agbábọ́ọ̀lù wo ni yóò ní òun kò lọ?

Ọ̀nà tí wọ́n gbà parí rẹ̀ yani lẹ́nu. Kàkà kí wọ́n san owó gbà-máà-bínú, Nẹ́dálándì gbà láti wá bá Bayern gbá bọ́ọ̀lù ní Munich ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 2012. Ọjọ́ kẹta sẹ́yìn, Chelsea ti gba ife ìdíje Champions League mọ́ Bayern lọ́wọ́ ní pápá kan náà, Robben sì ti gbá pẹ́náritì kan sófo. Ó wọ aṣọ Nẹ́dálándì jáde, àwọn olólùfẹ́ Bayern sì hó lé e lórí. Ẹsẹ̀ tí wọ́n ní wọ́n ti lò jù ni wọ́n tún lò láti fi san gbèsè rẹ̀.

Lọ́dún 2012 kan náà ni FIFA gbé ètò adójútòfò kan kalẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́. Bí agbábọ́ọ̀lù bá ṣèṣe lọ́dọ̀ orílẹ̀-èdè rẹ̀, tí ó sì ju ọjọ́ 28 lọ kí ara rẹ̀ tó yá, FIFA yóò máa san owó ọ̀yà rẹ̀ fún ẹgbẹ́, kò ní ju 20,548 Yúrò lóòjọ́ lọ, kò sì ní kọjá mílíọ̀nù 7.5 Yúrò lápapọ̀. Ṣùgbọ́n jàǹbá ni ètò náà mọ̀, èyí tí ó ní ọjọ́ àti ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀. Àṣejù kò ní ọjọ́. Pedri ti Barcelona, ọmọ ọdún 18, gbá ju ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 70 lọ ní sáà 2020 sí 2021. Ó ti ìdíje Yúróòpù bọ́ sí Olympics ní Tokyo, níbi tí Brazil ti borí Sípéènì ní àṣekágbá ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ. Ní sáà tí ó tẹ̀ lé e, itan dá a jókòó fún oṣù púpọ̀. Nínú gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wọ̀nyẹn, èwo ni ká di ẹ̀bi rù?

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, Rodri ti Manchester City sọ fún àwọn oníròyìn pé àwọn agbábọ́ọ̀lù ti fẹ́ máa ronú àti daṣẹ́ sílẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí orúnkún rẹ̀ fi bàjẹ́ nínú eré pẹ̀lú Arsenal. Ní oṣù Kẹwàá, ẹ̀ka FIFPRO ní Yúróòpù, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù fúnra wọn, pẹ̀lú àwọn líìgì Yúróòpù, kọ ìwé ẹ̀sùn sí Àjọ Ìṣàkóso Yúróòpù pé FIFA ń dá ṣètò kàlẹ́ńdà eré. FIFA fèsì pé ìgbìmọ̀ òun ló fọwọ́ sí kàlẹ́ńdà náà, ó sì ní àwọn líìgì kan nínú àwọn olùfẹ̀sùnkàn yìí fẹ́ràn kí wọ́n máa kó àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn kiri àgbáyé fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́rẹ̀ẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́ nígbà ìsinmi. Kò sì parọ́ mọ́ wọn.