Owó Oṣù àti Ipò Àwọn Dókítà Aláwọ̀ Dúdú Lábẹ́ Ìjọba Amúnisìn ní Èkó

Kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí, àwọn ọmọ Yorùbá mélòó kan ti kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn yege ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ Sàró, ìyẹn àwọn tí ìdílé wọn ti Sierra Leone padà wá, ni púpọ̀ nínú wọn. Bí wọ́n ti ń dé Èkó ni ìjọba ń gbà wọ́n sí iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí igbákejì dókítà ìjọba. John Randle àti Obadiah Johnson wọlé ní 1889. Randle kò pẹ́ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó oṣù àti ìyànjẹ wà lára ohun tó mú un kúrò, ó sì dá iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó là.

Ògúntọ́lá Sàpárà dúró ní tirẹ̀. 1896 ni ìjọba gbà á. Ní 1897, nígbà tí ilé-gbóná ń pa èèyàn ní agbègbè Ẹ̀pẹ́, ó wọ ẹgbẹ́ awo Ṣọ̀pọ̀ná láti mọ bí àrùn náà ṣe ń ràn. Ó rí i pé àwọn kan nínú àwọn àwòrò ń ha èépá ara aláìsàn, wọ́n ń fi í kó àrùn ran ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ àwọn náà ni wọ́n ń kó ẹrù ẹni tó bá kú. Ẹ̀mí ara rẹ̀ ló fi wéwu. Kò sí òyìnbó tó lè ṣe irú ìwádìí yẹn, lórí rẹ̀ sì ni ìjọba gbé ọ̀rọ̀ kà nígbà tó ń ṣòfin de ìsìn náà.

Síbẹ̀, ní 1902, nígbà tí Joseph Chamberlain jẹ́ mínísítà fún àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, wọ́n pa àwọn dókítà ìjọba ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pọ̀ di West African Medical Staff, wọ́n sì là á sílẹ̀ pé ẹni tí òbí rẹ̀ jẹ́ òyìnbó nìkan ló lè wọ̀ ọ́. Ìwé ọ̀tọ̀ ni wọ́n kọ orúkọ àwọn aláwọ̀ dúdú sí. Owó wọn kéré, òyìnbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lánàá sì ga jù wọ́n lọ nípò. Kì í ṣe pé wọn kò tíì rí aláwọ̀ dúdú tó tó bẹ́ẹ̀ rí: Africanus Horton, tó gboyè ní Edinburgh ní 1859, ti dé ipò Surgeon-Major nínú iṣẹ́ ológun Gẹ̀ẹ́sì kó tó fẹ̀yìn tì ní 1880. Àwọ̀ ni wọ́n wò, wọn kò wo ìmọ̀.

Òrìṣàdípẹ̀ Ọbasá, dókítà aláwọ̀ dúdú mìíràn ní Èkó, fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ láìpẹ́ sígbà náà. Sàpárà ń bá tirẹ̀ lọ. Ní 1923, ọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè Imperial Service Order dá a lọ́lá. Ọdún 1902 kan náà ni wọ́n dá oyè yìí sílẹ̀. Oyè náà tọ́ sí i, ṣùgbọ́n kò dá ipò tí wọ́n fi dù ú padà, kò sì san àjẹẹ́lẹ̀ owó oṣù kankan.