Kọ́kọ́rọ́ Ọwọ́ Èjẹ́ǹtì

Mo ní ìwé kékeré kan tí mo máa ń kọ ìrìn mi sí: ẹni tí mo pàdé, ilé tí a wò, ohun tí wọ́n béèrè. Láti inú rẹ̀, àti láti inú àwọn ìpè tó wà lórí fóònù mi, ni mo ti to Sátidé kan yìí jọ. Ó lé lógún ọdún tí mo ti ń bá àwọn ènìyàn wá ilé ní Múṣin, Yàbá àti Súrùlérè, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi.

Aago 5:20 ìdájí, Múṣin

Wọn kò tíì kí ìrun Àsùbá tán ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìnkùlé wa nígbà tí fóònù dún. Ọkùnrin kan ló ń pè láti Lekki.

“Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀gbọ́n. Ilé bàbá wa ní Súrùlérè, a fẹ́ tà á. Ẹ bá wa wò ó lónìí, kí ẹ sọ iye tó lè pa.”

Mo béèrè ẹni tó ń gbé inú rẹ̀.

“Màmá wa nìkan ni.”

Mo kọ ọ́ sílẹ̀: aago 2, Súrùlérè, Màmá nìkan.

Aago 6:45, Ìdí-Òrò

Yàrá kan ṣófo nínú ilé féèsì-mí-áì-féèsì-yú: pásééjì gígùn kan láàárín, yàrá mẹ́jọ lápá ọ̀tún, mẹ́jọ lápá òsì, ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ lẹ́yìn. Irú ilé yìí ló pọ̀ jù ní Múṣin, ó sì nídìí. Láyé ìjọba òyìnbó, ààlà ìlú Èkó kò dé ibí. Abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni Múṣin wà. Àwọn tó wá ṣiṣẹ́ l'Ékòó tí apá wọn kò ká owó ilé ibẹ̀ rọ́ wá síbí, onílẹ̀ sì kọ́ iye yàrá tí ilẹ̀ rẹ̀ bá lè gbà. Sandra Barnes, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, ṣe ìwádìí láàárín àwọn onílé Múṣin, ìwé rẹ̀, Patrons and Power, sì jáde ní 1986. Ó rí i pé onílé níbí ju ẹni tó ń gba owó ilé lọ. Òun ni ayálégbé ń sá tọ̀ bí ìjà bá dé, tàbí bí ọ̀rọ̀ bá di ti ìjọba.

Obìnrin onídìrí kan ló fẹ́ gba yàrá náà, ó pọn ọmọ. Ó wo àjà, ó wo fèrèsé, ó ní ó ti tó. Mo ní kò tíì tó. Mo máa ń mú ènìyàn wá wo irú ilé yìí ní kùtù, nígbà tí ìlà ilé ìwẹ̀ ṣì gùn. Ẹni tó bá wò ó lọ́sàn-án, ògiri ló wò. Mo mú un lọ sẹ́yìn. Àwọn obìnrin mẹ́rin ń dáná níbẹ̀. Kó tó kí wọn tán, ọ̀kan ti gba ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, òmíràn ń bi í léèrè ibi tó ti wá. Wọ́n fi ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri hàn án: orúkọ ẹni tí fífọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kàn, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ló tó béèrè iye owó.

Onílé fẹ́ gba owó ọdún méjì. Mo kọ̀, mo sì yọ ẹ̀dà òfin ayálégbé Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 nínú báàgì mi. Òfin náà ní a kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ẹni tó bá rú u lè san ₦100,000 tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Wọ́n yọ Ìkòyí, Victoria Island, Apápá àti GRA Ìkẹjà kúrò nínú rẹ̀. Wọn kò yọ Múṣin. Baba náà kà á, ó dákẹ́, ó gbà.

Síbẹ̀, owó ọdún kan nìkan kọ́ ló ń wọlé. Ká ní ilé jẹ́ mílíọ̀nù kan náírà: ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún fún èjẹ́ǹtì, ìdá mẹ́wàá fún ìwé àdéhùn, owó kọ́ṣọ̀n lórí rẹ̀, ó ti lé ní mílíọ̀nù kan àti igba ẹgbẹ̀rún. Mo mọ bí ó ṣe ń rí lójú ẹni tó ń ka owó yẹn jáde. Ìdajì owó tèmi ni mo gbà lọ́wọ́ onídìrí.

Aago 9:30, Yàbá

Láti 2022 tí ìjọba ti lé ọ̀kadà kúrò ní àdúgbò wa, dáńfó àti ẹsẹ̀ ni mo ń lò. Mo dé Sábó, mo bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ni àwọn méjèèjì ń bá ṣiṣẹ́. Láti nǹkan bí 2011 tí Co-Creation Hub, ibùdó àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ti ṣílẹ̀kùn ní òpópónà Herbert Macaulay ni irú wọn ti ń pọ̀ sí i ní Yàbá. Ṣáájú wọn, akẹ́kọ̀ọ́ ló ń dá àdúgbò yìí gbá: Yaba College of Technology ti wà láti 1947, Yunifásítì Èkó tó wà ní Akóka sì bẹ̀rẹ̀ ní 1962. Àwọn òpópónà Yàbá gún, wọ́n sì já síra wọn, nítorí àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1928 lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn eku, tí wọ́n ń pè ní LEDB, ló fi okùn wọn ibẹ̀ kí wọ́n tó kọ́lé sí i.

Iná ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè. Ṣé Band A ni? Láti oṣù kẹrin 2024, ìbéèrè yẹn ti ṣáájú “yàrá mélòó ni?” lẹ́nu gbogbo ènìyàn, torí ẹni tó bá wà nínú Band A ni wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 fún lójúmọ́, owó rẹ̀ sì ga fíofío. Lẹ́yìn iná, wọ́n béèrè nẹ́tíwọ̀kì, wọ́n béèrè ibi tí wọn yóò gbé mọ́tò sí.

Wọn kò béèrè nípa òpó. Ilé alájà mẹ́rin tuntun ni, wọ́n wó ilé ilẹ̀ kan láti kọ́ ọ, wọ́n sì pín in sí mini-flat méjìlá. Táìlì rẹ̀ ń dán. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbójú sókè lábẹ́ àtẹ̀gùn, ìlà kan ti la igi kọnkéré já láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, ó fẹ̀ tó kí owó ẹyọ wọ inú rẹ̀. Mo wà ní Èbúté-Mẹ́ta ní ọjọ́ kejì oṣù karùn-ún 2022, àárọ̀ ọjọ́ kejì tí ilé alájà mẹ́ta wó lulẹ̀ lóru ní òpópónà Ìbàdàn. Ènìyàn mẹ́wàá ló bá a lọ. Mo rí ìkòkò ọbẹ̀ láàárín búlọ́ọ̀kù, ìdérí rẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀.

Mo ní kí àwọn ọmọ náà jáde. Mo dá kọ́kọ́rọ́ padà fún ẹni tó gbé e fún mi, mo sì sọ ohun tí mo rí fún un. Ó ní mo ń ba ọjà òun jẹ́.

Aago 1:10, Agúdà

Mo yà wo fúláàtì kan. Ọ̀dà tuntun, ṣùgbọ́n láti ilẹ̀ dé orúnkún nìkan. Àpá àgbàrá ni wọ́n fi ọ̀dà bò. N kò kọ ọ́ sínú ìwé.

Aago 2, Súrùlérè

Ilé alájà kan, kò jìnnà sí Adéníran Ògúnsànyà. Lára ògiri ọgbà ni wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ pé ilé yìí kì í ṣe títà. Ọ̀dà náà ti pẹ́. Màmá ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Mo dọ̀bálẹ̀, ó ní kí n dìde, ó gbé omi tútù fún mi.

“Àwọn ọmọ mi ló rán ẹ.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Wọ́n ti rán ẹnìkan sí wa rí, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje.”

Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n bí i sí. Ní 1955, LEDB kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í gba éékà 70 nínú àárín ìlú láti wó o kí wọ́n sì tún un kọ́, kí olú-ìlú lè yẹ orílẹ̀-èdè tó fẹ́ gba òmìnira. Súrùlérè ni wọ́n kọ́lé sí fún àwọn tí wọ́n lé. Màmá ní ilé tuntun náà dára: omi ẹ̀rọ wà, afẹ́fẹ́ ń fẹ́. “Ṣùgbọ́n ẹja díndín ni ìyá mi ń tà lẹ́nu ọ̀nà wa n'Ísàlẹ̀ Èkó. Tó bá jókòó síbí láti àárọ̀ dalẹ́, ta ni yóò rà á? Tó bá wọkọ̀ padà s'Ékòó, owó ọkọ̀ ti jẹ èrè. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi gba ibòmíràn lọ. Ìyá àgbà gba ibòmíràn. A kò tún jẹun nínú abọ́ kan mọ́.”

Peter Marris, òyìnbó kan tó bá àwọn tí wọ́n kó wá síbí sọ̀rọ̀, kọ irú ohun kan náà sínú ìwé rẹ̀ ní 1961: ọjà kú mọ́ àwọn obìnrin lọ́wọ́, ẹbí fọ́n ká. Mo ti gbọ́ nípa ìwé náà tipẹ́. N kò mọ̀ pé màá jókòó ti ẹni tó wà nínú ìtàn náà.

Ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ilé tí a jókòó sí yìí. Kò kọ ìwé ìhágún kó tó kú. Ní àṣà wa, ilé ti di ti ẹbí: Dáwódù nìkan kò lè tà á láìjẹ́ pé àwọn ọmọ yòókù fọwọ́ sí i. Àṣà kan náà kò fún ìyàwó ní ìpín nínú ilé ọkọ rẹ̀. Ẹ̀tọ́ àtimáa gbé inú rẹ̀ ló fún un. Ọmọ mẹ́rin ni Màmá bí, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ti fohùn ṣọ̀kan. Wọn kì í ṣe ọmọ burúkú. Yàrá wà fún un ní Lekki, pẹ̀lú ẹ̀rọ amúlétutù àti ọmọbìnrin tí yóò máa tọ́jú rẹ̀.

Mo wọn yàrá. Mo ka balùwẹ̀. Nígbà tí mo dé yàrá rẹ̀, ó fi ọwọ́ tọ́ka sí fèrèsé tó kọjú sí ilé òdìkejì.

“Aago mẹ́fà ni mo ń ṣí i. Bó bá di méje tí n kò ṣí i, ìyá tó wà lọ́hùn-ún yóò rán ọmọ wá. Ogójì ọdún rèé. Ní Lekki, ta ni yóò wo fèrèsé mi?”

N kò rí èsì fún un.

Aago 4:30, ẹnu ọ̀nà Màmá

Ó yẹ kí n ti lọ. Mo bá a jókòó lórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé. Mo ka ẹni tó kí i: ẹni mọ́kàndínlógún kí aago márùn-ún tó lù. Alákàrà fi mẹ́rin sínú ìwé fún un, kò gba owó. Ọmọ iléèwé kan gbé ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ wá, Màmá wọ awò ojú, ó kà á. Mẹkáníìkì kan béèrè bóyá táǹkì omi tí òun bá a tún ṣe ṣì ń jò.

Aago 9:40 alẹ́, Múṣin

Ọmọ rẹ̀ pè. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Iye wo lẹ rò pé yóò pa?”

Mo sọ iye tó lè pa fún un, nítorí iṣẹ́ mi ni, ó sì pọ̀. Ó dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo ní: “Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ní kí n gbé e síta. Ẹ wá ní Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ má wọlé. Ẹ jókòó ti Màmá lórí bẹ́ǹṣì fún wákàtí kan.”

Ó dákẹ́ pẹ́ débi tí mo fi rò pé kírẹ́díìtì rẹ̀ ti tán.

“Ta ló ń ra àkàrà fún un báyìí?” ó béèrè.

Mo ní kò sẹ́ni tó ń rà á fún un.