Ta Ló Ń Gbọ́ Ohùn Ọ̀bẹ Ẹ̀rọ?

Láti ìgbà pípẹ́ ni àwọn tó ń fi ẹ̀rọ lathe gé irin ti ń mọ ìgbà tí ọ̀bẹ ẹ̀rọ bá ń kúnu: ìró rẹ̀ á yí padà, ojú irin tí wọ́n ń gé kò ní dán mọ́. Etí àti ọwọ́ oníṣẹ́ ni ìmọ̀ yìí ń gbé. Lọ́dún 1880, nílé iṣẹ́ Midvale Steel ní Philadelphia, Frederick Winslow Taylor bẹ̀rẹ̀ àdánwò láti fi ìṣirò rọ́pò rẹ̀. Ọdún 26 ló fi ṣe é kó tó gbé àbájáde rẹ̀ síwájú ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà Amẹ́ríkà ní 1906: bí eré ìgé bá lé díẹ̀, ẹ̀mí ọ̀bẹ á gé kúrú gan-an. Lẹ́nu àdánwò yìí ni òun àti alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ Maunsel White ti rí irin ìgé tuntun tí wọ́n fi han aráyé ní Paris ní 1900. Ẹnu ọ̀bẹ tí wọ́n fi irin náà ṣe pọ́n bí ẹyin iná, síbẹ̀ ó ń gé lọ, èérún irin sì ń já bọ́ ní àwọ̀ búlúù.

Iṣẹ́ ńlá ni, kò sẹ́ni tó lè sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n mi ò gbà pé sensọ aláìlówáyà tó ń ṣọ́ ọ̀bẹ ẹ̀rọ lóde òní jẹ́ ọmọ Taylor. Ìṣirò rẹ̀ ń sọ iye ìṣẹ́jú tí irú ọ̀bẹ báyìí sábà máa ń lò. Kò lè sọ ipò tí èyí tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ nísinsìnyí wà. Ọ̀bẹ méjì inú páálí kan náà kì í kúnu lọ́jọ́ kan náà, ìdí nìyẹn tí ilé iṣẹ́ fi ń yọ ọ̀pọ̀ dànù nígbà tí wọ́n ṣì mú. Sensọ tó wà nínú ìdìmú ọ̀bẹ ń gbọ́ ọ̀bẹ kan ṣoṣo yẹn: agbára tó ń tì í, gbígbọ̀n rẹ̀, ooru rẹ̀. Lórí ẹ̀rọ tó jẹ́ pé ọ̀bẹ ló ń yí, kò lè lo wáyà, torí ọ̀bẹ tó ń yí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú kan á lọ́ wáyà náà já. Iṣẹ́ etí oníṣẹ́ ló ń ṣe.

Ẹnìkan lè sọ pé etí a máa tanni, àti pé oníṣẹ́ méjì kì í gbọ́ bákan náà. Òótọ́ ni, ibẹ̀ sì ni mo ti gbà pẹ̀lú Taylor. Àmọ́ sensọ náà ń ṣìnà: bí irin bá le níbì kan, gbígbọ̀n ọ̀bẹ tó ṣì mú lè jọ ti ọ̀bẹ tó ti kúnu. Oníṣẹ́ tó mọ irin náà ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Taylor fẹ́ kí ìmọ̀ oníṣẹ́ kó lọ sí ọ́fíìsì. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, níwájú oníṣẹ́, ló yẹ kí ìròyìn sensọ kọ́kọ́ dé.