Ààrò Mẹ́ta Lókè Ilé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ìṣọ̀kan ni a sábà máa ń fi òwe yìí kọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀ta ti lágbára nídìí iná náà ni ó lágbára lókè ilé. Bí a bá fi ìṣó kọ̀ọ̀kan kan igi mẹ́rin pọ̀ ní igun wọn, tí a sì tì wọ́n, wọn yóò wọ́ láìjẹ́ pé igi kankan ṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta, wọn kì yóò yẹ̀, àfi bí igi bá ṣẹ́ tàbí bí ìṣó bá tú.

Orí èyí ni afárá onírin tí a fi ọ̀pá so ní onígun mẹ́ta dúró lé. Ní 1847, Squire Whipple, ará Amẹ́ríkà, tẹ ìwé tí ó fi ìṣirò ṣàlàyé agbára tí ó wà lára ọ̀pá kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí rélùwéè tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1896 fi gba Àgbàdo kọjá, tí wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn ní 1901, tí afárá Jẹ́bà sì dábùú Odò Ọya ní 1916, ìṣirò náà ti di iṣẹ́ òòjọ́.

Káfíńtà Àgbàdo mọ iṣẹ́ kan náà. Ọwọ́ ni ó fi mọ̀ ọ́n. Ẹ̀kẹ́ méjì forí kora, igi ìdábùú so ẹsẹ̀ wọn pọ̀. Ẹrù ń tẹ ẹ̀kẹ́, ẹsẹ̀ wọn ń fẹ́ là, ìdábùú ń fà wọ́n mọ́ra. Ẹ jẹ́ kí a gbé 100 kílò sí góńgó. Bí ẹ̀kẹ́ bá dàgẹ̀rẹ̀ ní 45 dígírì, agbára bíi 71 kílò ni yóò tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan, 50 ni yóò fa ìdábùú. Bí òrùlé bá tẹ́ dé 15 dígírì, ó di 193 àti 187. Ẹrù kò yí padà. Ìrísí ni ó yí padà. Ìdábùú yóò gùn díẹ̀, ẹ̀kẹ́ tí ó bá tín-ín-rín yóò sì tẹ̀ bí ọrun.

Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni pé ọmọ iṣẹ́ ń jogún "ṣe é báyìí", kò jogún "ìdí rẹ̀ nìyí". Lọ́jọ́ tí onílé bá ní kí ó gé ìdábùú kí pálọ̀ lè ga, kò ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi kọ̀. Ẹ̀kẹ́ yóò la ẹsẹ̀, yóò sì ti ògiri síta. Ìmọ̀ wa kò kéré. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ ni kò tó. Bí a bá yọ ààrò kan, ọbẹ̀ kì í béèrè ẹni tí ó yọ ọ́ kí ó tó dànù.