Kíjìpá Àwọn Ìyá Èkìtì

Nígbà tí ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ti Ìkéré, iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, àràbà láàrin àwọn agbẹ́gilére, dé ibi àfihàn Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1924, tí Ògògà kò sì gba owó bí kò ṣe àga ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òkìkí ọnà Èkìtì kàn ká. Ó dùn mí pé òkìkí náà kò kan àwọn ìyá wa tí ń hun aṣọ kíjìpá.

Àwọn ni wọ́n ń gbọn òwú, tí wọ́n ń ran án, tí wọ́n ń rẹ ẹ́ sínú ìkòkò aró tí èlú àti omi eérú ti bá ara wọn mu, kí wọ́n tó ta á sórí òfì òòró tí a fi ti ògiri, kí aṣọ fífẹ̀ tó jáde. Òfì àwọn ọkùnrin kì í hun ju ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Àwọn kan fi òwe pe kíjìpá ní aṣọ ọ̀lẹ. Èmi kò gbà, nítorí láyé àtijọ́ kíjìpá ni àgbẹ̀ ń wọ̀ wọ igbó ẹlẹ́gùn-ún tí kì í ya, òun náà ni a fi ń bora lóru ọyẹ́.

Ṣùgbọ́n ọnà méjèèjì, igi gbígbẹ́ àti aṣọ híhun, pàdé níbì kan: ní ọdún 1947, Fadá Kevin Carroll àti ẹnìkejì rẹ̀, Fadá O'Mahony, dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Aṣọ híhun wà lára iṣẹ́ ibẹ̀ pẹ̀lú igi gbígbẹ́, títí ilé iṣẹ́ náà fi kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1954.