"Orobo" àti "Lẹ́pa": Ìwọ̀n Ara Ọmọ Tí Kò Tíì Bàlágà

Ní Àgbádárìgì àti àwọn abúlé etí òkun rẹ̀, ọmọ ọdún 7 ti lè máa kà á sí ẹ̀bi pé òun sanra tàbí pé òun tẹ́ẹ́rẹ́. "Orobo" ni wọ́n ń pe ọ̀kan, "lẹ́pa" ni wọ́n ń pe èkejì. Àwàdà ni lójú àgbàlagbà. Ọmọ kì í sábà kà á bẹ́ẹ̀. Òun náà ni yóò kọ̀ láti bọ́ ẹ̀wù nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ọ̀sà, tí yóò sì fi oúnjẹ ọ̀sán fún ẹlòmíràn.

Ọ̀pọ̀ òbí ni kò mọ̀ pé ara ọmọ sábà máa ń kó ọ̀rá jọ díẹ̀ kí ó tó ga. Ọmọbìnrin sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ìbàlágà láàárín ọdún 8 sí 13, ọmọkùnrin láàárín 9 sí 14. Nítorí náà, ọmọ ọdún 9 tí ikùn rẹ̀ yọ díẹ̀ lè má ní àìsàn kankan. Gíga rẹ̀ ni kò tíì dé. Bí aṣọ ilé ẹ̀kọ́ bá fún un, télọ̀ ni kí ẹ lọ bá.

Ojú lásán kò tó láti fi mọ ẹni tí ó sanra jù tàbí tí ó rù jù. Ní ọdún 2007, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà jáde fún àwọn ọmọ ọdún 5 sí 19, èyí tí ó ń fi ìwúwo wé gíga, ọjọ́ orí àti akọ tàbí abo. Ìlànà àgbàlagbà kò bá ọmọdé mu.

A rọ̀ yín gidigidi pé kí ẹ má ṣe ra oògùn ìsanra fún ọmọ. Dexamethasone, tí àwọn kan ń lò fún èyí, lè dá ìdàgbàsókè ọmọ dúró, ó sì lè sọ agbára ara láti bá àrùn jà di aláìlágbára. Tíì tí wọ́n ní ó ń fa ikùn wọlé kò sàn jù ú lọ: èyí tí ó ní oògùn ìyàgbẹ́ nínú, omi ni ó ń fà jáde lára ọmọ, kì í ṣe ọ̀rá.

Bí mínírà bá pọ̀ jù nílé, kí gbogbo ilé dín in kù. Ẹ má ya abọ́ ọmọ kan sọ́tọ̀. Ẹja, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti èso tọ́ sí sísanra àti tẹ́ẹ́rẹ́ bákan náà.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2007, dáàbò bo iyì ọmọ. Olùkọ́ lè fi òpin sí orúkọ ìnagijẹ bẹ́ẹ̀ nínú kíláàsì, yálà ní èdè Ògù ni wọ́n ń pè é tàbí ní Yorùbá.

Bí ọmọ bá ń rù, tí ó ń mọ̀ọ́mọ̀ bì, tàbí tí ó ń jẹun ní ìkọ̀kọ̀, ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìlera alábọ́ọ́dé tàbí Ilé Ìwòsàn Ìjọba ní Àgbádárìgì. Ẹ bẹ òṣìṣẹ́ níbẹ̀ kí ó má ka ìwúwo rẹ̀ sókè níwájú àwọn ẹlòmíràn.